Ẹ Bi Ọ̀gá Mọ́kálíìkì: Celica Mi Ti Rin Máìlì 198,000, Kí Ni Kí N Pààrọ̀ Nínú Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Ayàwòrán ni mí níbí ní Adó-Èkìtì. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ra Toyota Celica pupa kan, ti ọdún 2001, onígíà ọwọ́. Tòkunbọ̀ ni. Máìlì 198,000 ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo máa ń gbé e lọ sí Ìbàdàn lọ ya àwòrán ìgbéyàwó. Ọ̀nà Àrámọ̀kọ, Ìtàwúrẹ́, Ẹfọ̀n ni mo ń gbà. Kí n tó lọ kí n tó bọ̀, ọ́ìlì rẹ̀ á ti fi ìdajì lítà dín, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tó ti ń jò. Èéfín aláwọ̀ aró ń jáde nídìí rẹ̀. Mọ́kálíìkì àkọ́kọ́ ní kí n ju ẹ́ńjìnnì náà nù, kí n lọ ra òmíràn ní Ládípọ̀. Èkejì ní ríìngì lásán ni. Ẹ̀kẹta ní kí n máa da ọ́ìlì 20W-50 sí i, pé èéfín á lọ. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí gan-an, Ọ̀gá, ṣùgbọ́n n kò lówó tí mo lè fi tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni kí n pààrọ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tí o ṣàlàyé kúnná báyìí. Síbẹ̀, ohun kan wà tí mo wá títí nínú lẹ́tà rẹ tí n kò rí: n kò rí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni wọ̀n lára ẹ́ńjìnnì yẹn. Ẹni mẹ́ta ti dájọ́ fún un, kò sì sí èyí tó tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wò nínú wọn. Nítorí náà, má tíì ra nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì tó gbó kì í gbó bákan náà káàkiri. Ibì kan á ti jẹ tán, ibòmíràn á ṣì máa dán bí ọjọ́ tó kúrò nílé iṣẹ́. Ojú kò lè sọ èyí tó jẹ́ èwo, etí kò lè sọ ọ́. Òṣùwọ̀n ló lè sọ ọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ. Ka gíà iwájú rẹ. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún, 1ZZ-FE ni ẹ́ńjìnnì rẹ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà, GT-S lo rà, 2ZZ-GE ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Tètè kọ̀wé sí mi padà. Bí o ṣe ṣàlàyé èéfín yẹn, mo gbà pé 1ZZ ni. Sílíńdà mẹ́rin, 1,794 cc, ihò sílíńdà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mílímítà 79, píṣítìnì sì ń rin mílímítà 91.5 lókè-sódò. Ẹ́ńjìnnì yìí kan náà ló wà nínú Corolla ọdún 2003 sí 2008 tí à ń rí ní ìgboro Adó lójoojúmọ́, láti Ìjìgbó dé Baṣírì. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó.

Àbùkù kan wà tí wọ́n bí i mọ́ àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀. Ríìngì mẹ́ta ló wà lára píṣítìnì kọ̀ọ̀kan. Méjì òkè ń dí agbára ìbúgbàù mọ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta, tó wà nísàlẹ̀, ni í máa ń nu ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà. Ọ́ìlì tó bá nù yẹn gbọ́dọ̀ rí ibi gbà padà sísàlẹ̀, ihò kéékèèké tó wà lẹ́yìn ríìngì náà ni wọ́n sì ṣe fún un. Lára àwọn píṣítìnì àkọ́kọ́, ihò wọ̀nyẹn kò pọ̀ tó, wọn kò sì fẹ̀ tó. Ọ́ìlì á há síbẹ̀, iná á yan án, á di èédú, èédú á dí ihò, ríìngì á sì lẹ̀ mọ́ ibùjókòó rẹ̀ bí ẹ̀kọ tó jó mọ́ ìkòkò. Láti ìgbà náà lọ, kò nu nǹkan kan mọ́. Toyota fúnra rẹ̀ tún píṣítìnì yẹn ṣe nígbà tó yá, ó fi kún ihò rẹ̀. Ọkọ̀ rẹ, ti 2001, wà nínú àwọn ti ìṣáájú.

Ṣùgbọ́n èyí kò tíì túmọ̀ sí pé ríìngì ló ń ṣe tìrẹ. Fáàfù síìlì, rọ́bà tó ń dí ẹsẹ̀ fáàfù, náà lè máa jẹ́ kí ọ́ìlì wọlé látòkè. Ọ̀nà tí ò ń gbà gan-an lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí o bá dé ibi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Ẹfọ̀n, fi í sí gíà kẹta, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa di ọkọ̀ mú fúnra rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Kí ọ̀rẹ́ rẹ kan máa bọ̀ lẹ́yìn nínú ọkọ̀ mìíràn, òun ni kó máa wo ìdí rẹ. Ojú tìrẹ kò gbọdọ̀ kúrò lọ́nà, o mọ bí kọ́nà ibẹ̀ ṣe rí. Bí o bá wá tẹ tọ́tù nísàlẹ̀, tí èéfín rú gùdù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì mọ́, fáàfù síìlì ni kí o fura sí. Nígbà tí tọ́tù bá dé, ẹ́ńjìnnì máa ń fa afẹ́fẹ́ kíkankíkan, á sì fa ọ́ìlì gba ẹsẹ̀ fáàfù wọlé. Èéfín tó máa ń jáde fìrì láàárọ̀ nígbà tí a bá kọ́kọ́ ṣíná sí i wá láti ibẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí èéfín bá ń tẹ̀ lé ọ nígbà tí ọkọ̀ ń gun òkè, tí kò dáwọ́ dúró, ìsàlẹ̀ ni ọ̀ràn wà.

Lẹ́yìn náà, PCV. Fáàfù kékeré kan tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì rí ibi jáde ni, kò wọ́n, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ń yọ ọ́. Mì í létí: bí kò bá dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ó ti dí, afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì á sì máa ti ọ́ìlì síbi tí kò yẹ. Mo ti rí i rí tí ẹnìkan fẹ́ tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ gbalaja, tó jẹ́ pé èyí nìkan ni.

Wàyí o, géèjì kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n, ohun tó ń wọn agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀; psi ni a fi ń kà á. Kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí a yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a já wáyà kọ́ìlì àti ti nọ́sù tó ń fọ́n epo, kí bátìrì lágbára, kí ẹnìkan tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá, kí a wá yí i. Kọ nọ́ńbà sílíńdà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Fún 1ZZ, kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 145 psi lọ, èyí tó ga jù kò sì gbọdọ̀ fi ju 15 lọ ju èyí tó kéré jù. Bí ọ̀kan bá wálẹ̀, da ọ́ìlì bíi ṣíbí tíì kan sínú rẹ̀, kí o tún un wọ̀n. Bí nọ́ńbà bá gòkè, ríìngì tàbí ògiri sílíńdà ló jẹ. Bí kò bá kúrò lójú kan, fáàfù ni kí o wò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ mọ́kálíìkì ti ń ṣìnà nìyí, mo sì fẹ́ kí o di èyí mú ṣinṣin: 1ZZ lè mú 180 wá ní sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó sì máa mu ọ́ìlì bí ẹni mu omi. Kò ṣàjèjì. Ríìngì méjì òkè ni géèjì yẹn ń wọ̀n; ríìngì ọ́ìlì kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí mọ́kálíìkì rẹ bá sọ pé kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n dára nítorí náà ìsàlẹ̀ dára, kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Kó wo orí púlọ́ọ̀gì bóyá èédú olómi wà lórí rẹ̀, kó sì ki kámẹ́rà tín-ín-rín bọ ihò púlọ́ọ̀gì, kó wo orí píṣítìnì. Bí etí píṣítìnì bá mọ́ yíká tí àárín rẹ̀ dúdú, ọ́ìlì ló ń fọ etí náà. Ríìngì ti lẹ̀.

Mo mọ iye tí àṣìṣe ń náni níbi yìí. Ní ọdún 2011, nọ́ọ̀sì kan gbé Corolla rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, èéfín kan náà. Mo ra ríìngì tuntun, mo fi píṣítìnì àtijọ́ padà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ni mo ha. Oṣù méje lẹ́yìn náà, ó padà dé pẹ̀lú èéfín. Nígbà tí mo tú u, ihò tí n kò fi abẹ́rẹ́ là ti dí pátápátá, ríìngì tuntun ti lẹ̀ bíi ti àtijọ́. Owó ara mi ni mo fi ra píṣítìnì tí mo fi tún un ṣe, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń jí lóru lọ tọ́jú aláìsàn kò yẹ kó dúró sójú títì nítorí ìkánjú mi. Láti ọjọ́ náà, n kì í fi ríìngì tuntun sí ara píṣítìnì àkọ́kọ́ ti 1ZZ mọ́. Èyí ni èsì mi sí mọ́kálíìkì rẹ kejì.

Ká wá sọ pé o tú u. Kí ẹ wọn ihò sílíńdà kí ẹ tó ra ohunkóhun: lókè, láàárín, nísàlẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n ní gígùn àti ní ìbú. Ọwọ́ mi kọ́ iṣẹ́ lára Peugeot 504, èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975, láínà rẹ̀, ìyẹn ògiri sílíńdà, sì ṣeé fà yọ bí eyín ọmọdé. A kàn ń ra láínà àti píṣítìnì papọ̀ ni, a ti bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun. 1ZZ kò rí bẹ́ẹ̀. Irin tín-ín-rín ni wọ́n dà mọ́ inú alumíníọ́ọ̀mù, kò ṣeé fà yọ, Toyota kò sì ṣe píṣítìnì tó tóbi ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ fún un. Bí ògiri náà bá ti jẹ, tàbí tí ojú híha kan wà lára rẹ̀ tí èékánná rẹ kọ́, tí kò kọjá lórí rẹ̀, má fi píṣítìnì tuntun ṣòfò síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni bulọ́ọ̀kù mìíràn, irin ńlá tí ihò sílíńdà wà nínú rẹ̀, tó di ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ọkàn rẹ balẹ̀: nínú èyí tó pọ̀ jù tí mo ti tú, ihò ṣì wà nínú òṣùwọ̀n, ilà híha tí wọ́n fà sí i nílé iṣẹ́ ṣì ń hàn lára rẹ̀ kedere.

Bí ihò bá dára, ohun tí màá rà fún ọ nìyí. Píṣítìnì mẹ́rin ti àtúnṣe, pẹ̀lú ríìngì wọn. Kí o tó sanwó, yí i wò lẹ́yìn, ka ihò ibùjókòó ríìngì ọ́ìlì, kí o fi wé ti àtijọ́ tí o mú dání; bí wọ́n bá dọ́gba, kì í ṣe ti àtúnṣe. Kí o sì gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé òṣùwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ayédèrú kì í sì í wúwo dọ́gba. Fáàfù síìlì mẹ́rìndínlógún, torí tọ́ọ̀pù sílíńdà ti wà nílẹ̀ ná. Gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù. Bóòtù tọ́ọ̀pù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, tuntun: Newton-mítà 49 ni a ń kọ́kọ́ fi tọ́ọ̀kì sípánà dì í dé, láti àárín síta, lẹ́yìn náà a óò tún yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdá mẹ́rin àyíká. Yíyí ìkẹyìn yẹn ló ń na bóòtù. Èyí tó ti nà lẹ́ẹ̀kan kò ṣeé fọkàn tán lórí ọkọ̀ tó ti rin máìlì 198,000. Síìlì kíránkì iwájú àti ẹ̀yìn. Rọ́bà róbótó tó wà lẹ́yìn ohun tó ń fún ṣéènì le, torí ibẹ̀ ni 1ZZ ti ń jò lọ́jọ́ ogbó. PCV tuntun. Páǹpù omi, bí tìrẹ bá ti ń dún.

Bẹ́rìn kọ́nrọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tó wà láàárín kíránkì àti ọ̀pá tó so píṣítìnì mọ́ ọn, ńkọ́? Wọ̀n ọ́n kọ́kọ́. Okùn ike kan wà tí a ń pè ní Plastigage. A ó gé e tẹ́ sáàárín bẹ́rìn àti kíránkì, a ó dì í, a ó tún tú u, a ó sì fi ìbú tó tẹ́ dé wé ìwọ̀n ara páálí rẹ̀. Gẹ́rẹ́ tó o bá ti ṣí i, owó bẹ́rìn tuntun kò tó kí ènìyàn máa fi ara rẹ̀ wewu, èmi a máa pààrọ̀ rẹ̀. Kíránkì, kámù, fáàfù, páǹpù ọ́ìlì: má rà wọ́n bí òṣùwọ̀n kò bá pàṣẹ. Ṣéènì pẹ̀lú bẹ́ẹ̀. Bí kò bá pariwo wọ́ọ́rọ́wọ́ láàárọ̀, tí àwọn ohun tó ń yọ̀ lé kò sì ní kòtò, fi í sílẹ̀. Bí ó bá ń pariwo, má fà á sẹ́yìn, torí bí ó bá fò eyín kan, fáàfù lè gbá píṣítìnì.

Kí ẹ gbé irin tó tọ́ lé ojú tọ́ọ̀pù, kí ẹ fi fíìlà géèjì, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí a fi ń wọn àyè, wò ó. Àyè tó bá ju 0.05 mílímítà lọ, ó ti tẹ̀, ó ń lọ ọ̀dọ̀ àwọn onímáṣíìnì. Bí ẹ bá ń dá a padà, kí àlàfo fáàfù ìwọlé wà láàárín 0.15 sí 0.25 mílímítà, ti ìjáde láàárín 0.25 sí 0.35.

Nípa fífọ bulọ́ọ̀kù, mo bẹ̀ ọ́, dúró tì wọ́n. Sàǹdì pépà tí àwọn kan fi ń ra ihò sílíńdà máa ń fi iyanrìn wínníwínní sílẹ̀ nínú ihò irin. Pẹtiróòlù kò lè kó o. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni, lẹ́yìn náà ọ́ìlì lára aṣọ funfun. Nu ihò náà, wo aṣọ. Bí ó bá ṣì ń dúdú, tún fọ̀ ọ́. Mo máa ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹfà, kí aṣọ tó mọ́. Ẹ́ńjìnnì tí a fi iyanrìn tò kì í pẹ́ kó tó kú.

Ẹni tó ní kí o lọ Ládípọ̀ kò parọ́ pátápátá. Bí bulọ́ọ̀kù bá ti bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì Corolla tòkunbọ̀ ọdún 2005 sí 2008 dára jù fún ọ, torí píṣítìnì ti àtúnṣe ló wà nínú rẹ̀. Ohun ìta rẹ̀, ìyẹn ojú ìwọlé afẹ́fẹ́ àti wáyà, tìrẹ ni ẹ ó kó sí i. Ṣùgbọ́n bí o bá lọ ra ti Celica 2001 mìíràn, àìsàn kan náà lo fowó rà. Ẹni tó ní 20W-50 ní tirẹ̀, n kò gbà fún un rárá. VVT-i, ohun tó ń yí àkókò fáàfù padà, ọ́ìlì ló fi ń ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì tó ki jù kì í tètè dé ibẹ̀ láàárọ̀. 5W-30 ni Toyota sọ, lítà 3.7 ló ń gbà bí a bá pààrọ̀ fílítà. Ọ́ìlì kíki kò tún ríìngì ṣe, ó kàn ń bo èéfín mọ́lẹ̀ títí ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín nídìí ọkọ̀ yóò fi dí.

Bí ẹ bá tò ó tán, má jẹ́ kó dúró kan máa kùn nínú ṣọ́ọ̀bù. Ríìngì tuntun fẹ́ iṣẹ́ kíákíá kó lè mọ ògiri. Gbé e sí ọ̀nà Ìyìn sí Ìgèdè ní àárọ̀ kùtù, gíà kẹta, tẹ̀ ẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí láti ìgbà 2,000 dé 4,000 ní ìṣẹ́jú kan, gbé ẹsẹ̀ kúrò jẹ́ kó rọ̀, tún un ṣe, bíi ìgbà ogún. Pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà lẹ́yìn kìlómítà 500. Títí yóò fi pé kìlómítà 1,000, má jẹ́ kó yí kọjá ìgbà 4,500 ní ìṣẹ́jú kan. Mo mọ̀ pé yóò ṣòro fún ọ. Ọkọ̀ tí orúkọ rẹ̀ gba ìdíje eré ọkọ̀ Safari ti Kẹ́ńyà ní 1984, 1985 àti 1986 kì í fẹ́ kí wọ́n dá a dúró. Ṣe sùúrù fún un.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́. BMW Z4 mi, ti 2004, onísílíńdà mẹ́fà, lítà 3.0, ti rin kìlómítà 230,000. Ó gbóná jù lẹ́ẹ̀kan, omi sì tú jáde. Wọ́n pààrọ̀ páìpù kan. Ṣé ó ti parí?

Ìdáhùn: Kò parí o, ẹ̀yin olùkọ́. Ike ni àwọn ohun tó ń gbé omi káàkiri nínú ẹ́ńjìnnì yín, M54, yẹn: ìgò omi, tẹ́mósítáàtì, orí páìpù, àti orí rédíétọ̀. Ọjọ́ orí kan náà ni gbogbo wọn ní, ooru kan náà ló sè wọ́n. Bí ọ̀kan bá fọ́, àwọn yòókù ń tò lẹ́yìn. Ẹ pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú páǹpù omi àti bẹ́líìtì rẹ̀. Owó yẹn dun ènìyàn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bulọ́ọ̀kù alumíníọ́ọ̀mù ni. Bí ó bá tún gbóná, ojú ìlọ́ inú bulọ́ọ̀kù tí bóòtù tọ́ọ̀pù dì mọ́ lè fà jáde. Iṣẹ́ ìyẹn ju owó ike lọ ní ìlọ́po.

Kí ẹ má gbọ́kàn lé abẹ́rẹ́ ooru inú dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n ti ṣètò rẹ̀ kó dúró sí àárín, bí ó bá fi máa kúrò níbẹ̀, ó ti pẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń da omi tuntun sí i, ẹ dorí ọkọ̀ kọ òkè, ilẹ̀ yín ní Ìkẹ́rẹ́ kò ṣaláìní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ ṣí hítà dé òpin, ẹ tú ìdè afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìgò omi, kí ẹ máa da á díẹ̀díẹ̀ títí ìfófòó afẹ́fẹ́ yóò fi dáwọ́ dúró.

Ìbéèrè: Iṣu ni mò ń tà ní Ìláwẹ̀. Ọmọ mi ra ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì kan tó ti gbó, ó ní kí n yá òun lówó kí òun fi ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ṣé kò ní fi owó mi ṣòfò, ọmọ mi?

Ìdáhùn: Ìyá mi, ẹ kú ọjà. Mi ò ní sọ pé kí ẹ yá a, mi ò sì ní sọ pé kí ẹ má yá a. Ẹ ní kó mú ìwé kan wá bá yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Kí kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n sílíńdà kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, kí agbára ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná wà níbẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ páàtì kọ̀ọ̀kan tó fẹ́ rà àti ìdí tó fi fẹ́ rà á. Kó tún gbé ọkọ̀ sókè, kó fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì tuntun nínú ara tó ti jẹrà, òfò ni. Bí ó bá lọ wọ̀n gbogbo rẹ̀, tó padà wá pẹ̀lú ìwé náà láìbínú, ọmọ tó mọ ohun tó ń ṣe ni. Bí ẹ bá fẹ́, kó gbé ìwé náà wá hàn mí, n kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí n gba páàtì àtijọ́ lọ́wọ́ mọ́kálíìkì lẹ́yìn iṣẹ́?

Ìdáhùn: Dandan ni. Kó di gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, kó kọ nọ́ńbà sílíńdà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́rìn ni kí o kọ́kọ́ wò. Èyí tó jẹ díẹ̀ máa ń ní àwọ̀ eérú káàkiri, kò burú. Bí o bá rí i tí bàbà ti ń yọ pupa lábẹ́ rẹ̀, ìpele òkè ti jẹ tán. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló pupa, kọ́nrọ́ọ̀dù yẹn lè ti tẹ̀. Bí ilà gígùn bá wà lójú rẹ̀, ìdọ̀tí ló gba inú ọ́ìlì kọjá. Bi í léèrè bóyá ó wọn kíránkì níbi tí bẹ́rìn yẹn ti kúrò kó tó fi tuntun síbẹ̀, kó sì sọ nọ́ńbà náà fún ọ.